Bí Mo Ṣe Yan Ọkọ̀ fún Iṣẹ́ Igi Gígé Wa ní Òṣogbo

Irinṣẹ́ agégi kò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgégi, okùn, àkàbà, àdá, akoto àti kẹ́ẹ̀gì epo, káà lásán á gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí a wá gé máńgòrò tó ń tẹ̀ sórí òrùlé òun, tí a bá gé e tán, á ní kí a palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí a máa fi kó o la ti ń háyà, àwọn awakọ̀ á sì dá iye tó wù wọ́n. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé pẹ̀lú ìjì, tí igi ń wó káàkiri ìgboro, a kì í rí ọkọ̀ háyà rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí a pinnu láti ra tiwa.

Hilux ni ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́. Wọ́n ní ó níyì, kò sì bẹ̀rù ẹrẹ̀. Òótọ́ ni. Mo wá ṣírò ìtì kan fún wọn: ìtì máńgòrò tútù tí ìbú rẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn tó mítà 3, kò ní jìnnà sí kílò 800, torí omi inú rẹ̀. Ẹ̀yìn Hilux kò sì yẹ kó gbé ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 lọ. Ìtì kan péré, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ̀ka àti ewé ṣì wà nílẹ̀. Ewé kì í wúwo, àyè ló máa ń gbà. Píjò 504 akẹ́rù rọrùn láti tún ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mercedes 911, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ńkọ́? Ìyẹn á kó odindi igi láì mí. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e wọ inú Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí ẹ̀yìn Ọjà Ọba, níbi tí ilé ti fara kan ilé? Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gan-an ni igi ti máa ń dá àwọn èèyàn lóró jù.

Bí mo ṣe dórí Canter nìyẹn, ọkọ̀ akẹ́rù tó kéré sí 911, tó sì ń gbé ẹrù ju Hilux lọ. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò ní imú gígùn, ó sì máa ń ráyè yí níbi tó há. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹ̀gbẹ́ bọ́dì rẹ̀ ṣeé já wálẹ̀: a ó fi pákó tì í, a ó yí ìtì gòkè, kò sẹ́ni tó máa gbé e kọjá orí. Dísù ló ń mu, bẹ́ẹ̀ bẹntiróò tí a po òróró mọ́ ni ẹ́ńjìnnì ìgégi ń mu, nítorí náà àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra.

A rí ọ̀kan ní ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ọ̀gá mẹ́káníìkì wa kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ràdíétọ̀. Ó gbóná. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, a ó padà wá ní ìdájí ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan-án kí a tó dé o." Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná máa ń fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́.

Nígbà tá a padà dé, wọ́n tan-án ní tútù, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín díẹ̀ jáde, ó sì mọ́. Wọ́n ṣí ìdérí òróró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kàn mí. Ká ní ó ń tú èéfín bí ihò ààrò, ilé là bá gbà lọ. Wọ́n wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù, wọ́n ń kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ń wá ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Kò sí. Ewé súpíríǹgì kan ló ti kán ní apá òsì, a sì fi ìyẹn já owó rẹ̀ wálẹ̀. Nọ́ńbà ṣáásì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu kí n tó sanwó.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo gbé e gbà. Ó jó irin tó nípọn sẹ́yìn orí ọkọ̀, kí ìtì má baà ya wọ ìjókòó awakọ̀ tí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Báyìí, ìtì tó tọ́ ń lọ sí sọ́ọ̀mìlì, ẹ̀ka ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń fi igi dáná. Ṣéènbílọ́ọ̀kù, ìyẹn irinṣẹ́ oníṣéènì tí a fi ń fa ẹrù wúwo, tí a ó so mọ́ irin yẹn ni mò ń wá rà báyìí.