Ẹni yín kú sí Houston, ó filé àti owó sílẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa gba probéètì ní kọ́ọ̀tù káùńtì

Probéètì ni ètò tí kọ́ọ̀tù fi ń gbé ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Àwọn ará wa tó wà ní Houston àti agbègbè ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, òfin Texas ni mo máa tẹ̀ lé, ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ Maryland tàbí Georgia kó lọ béèrè tibẹ̀, wọn ò rí bákan náà. Káùńtì tí olóògbé ń gbé kó tó kú lẹ máa gba lọ, kì í ṣe èyí tẹ́yin ń gbé. Tó bá jẹ́ Harris County, 201 Caroline láàárín ìgboro làwọn kọ́ọ̀tù probéètì wà, ọ̀dọ̀ County Clerk, akọ̀wé káùńtì, ni ìwé ń wọlé sí. Káùńtì kéékèèké ò ní kọ́ọ̀tù probéètì tó dá dúró ní tiwọn.

Kẹ́ ẹ tó máa wá owó lọ́yà kiri, ẹ kọ́kọ́ jókòó kẹ́ ẹ ka ohun tó fi sílẹ̀, torí gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń gba kọ́ọ̀tù kọjá. Ìnṣọ́ránsì tó ti kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á sí, 401(k) ibi iṣẹ́ (owó ìfẹ̀yìntì), àkáǹtì báńkì tó ti sọ ẹni tí wọ́n máa kówó ẹ̀ fún, àwọn yìí ò gba kọ́ọ̀tù, sátífíkéètì ikú àti ID yín lẹ máa mú lọ bá wọn. Ilé pàápàá lè wà lára ẹ̀, láti September 2015 ni Texas ti ń gba Transfer on Death Deed, ìwé tó sọ ẹni tílé máa bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ tí onílé bá kú, tó bá ti ṣe é tó sì ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ County Clerk kó tó kú, ilé ti ní olówó nìyẹn. Ẹ gba sátífíkéètì ikú tó pọ̀ díẹ̀, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá dé ni wọ́n á ti béèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé, Nàìjíríà, ló lọ tó sì kú síbẹ̀, tó sì jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ẹ mú sátífíkéètì ti National Population Commission lọ sí kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà l'Ékòó, kí wọ́n fún yín ní Consular Report of Death, ìyẹn lojú àwọn èèyàn ibí mọ̀.

Wíìlì, ìwé ìhágún, ńkọ́? Ojúlówó gan-an lẹ máa wá, fọ́tòkọ́pì á fa wàhálà. Ẹ wo inú Bíbélì, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo inú báàgì tó so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi táwọn àgbà wa ń kó ìwé pa mọ́ sí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ staple pin ẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ihò pín-ìnnì tó bá ti pé méjì níbi tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tó bá fẹ́ jà á ní ẹ ti pààrọ̀ ojú ìwé kan nínú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa ṣàlàyé. Èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ látòkè délẹ̀ tó sì fọwọ́ sí, Texas gbà á láìsí ẹlẹ́rìí, èyí tí wọ́n tẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì. Ọdún mẹ́rin lẹ ní látọjọ́ ikú láti mú un lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé ìsìnkú wà, ọdún kìíní wà, aṣọ ẹbí wà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ náà máa sún títí di ọdún karùn-ún.

Ẹ máa nílò lọ́yà, ọ̀pọ̀ adájọ́ probéètì níbí ò ní gbà kí ẹni tí wíìlì yàn ṣe alábòójútó dá nìkan wá, torí kì í ṣe ara ẹ̀ nìkan ló ń ṣojú fún, àwọn tó máa jogún wà níbẹ̀, àwọn tí olóògbé jẹ lówó náà wà níbẹ̀. Tí kò bá jẹ gbèsè kankan àfi ti orí ilé, ẹ bi lọ́yà yín nípa Muniment of Title, adájọ́ á kàn gba wíìlì wọlé, òun náà ló máa di ìwé tílé fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jogún ẹ̀, wọn ò ní yan alábòójútó kankan, owó ẹ̀ sì máa ń kéré.

Ohun kan wà tó kan àwa gan-an, orúkọ. Olúwaṣeun ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, Seun ló wà lórí ìwé ilé, Samuel ni báńkì mọ̀, wọ́n sì tún fi orúkọ bàbá ṣáájú nínú sátífíkéètì ikú. Gbogbo orúkọ tó jẹ́ ni kí lọ́yà to sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa padà wá.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, Clerk á lẹ ìkéde mọ́ kọ́ọ̀tù, ẹ máa dúró di Monday tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ kẹwàá, kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Ìgbẹ́jọ́ yẹn gan-an kì í pẹ́ táwọn èèyàn ò bá jà. Ẹ máa nawọ́ ọ̀tún sókè búra, lọ́yà á bi yín: ìgbà wo ló kú, ibo ló ń gbé, ṣé ó yí wíìlì yìí padà, ṣé ó kọ ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn tó kọ ọ́, ṣé wọ́n ti dá ẹ̀yin lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rí. Ohun tí wọ́n bi yín ni kẹ́ ẹ dáhùn, ẹ má ro bí bùrọ̀dá ṣe mú yín wọ̀lú fún adájọ́. Ó fọwọ́ sí i tán, ẹ búra iṣẹ́, wọ́n á fún yín ní Letters Testamentary, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin ni alábòójútó ogún náà, ẹ gba bíi mélòó kan, àwọn báńkì kì í fẹ́ èyí tó ti pẹ́. Ẹ gba EIN, nọ́ńbà owó orí ti ogún náà, lọ́dọ̀ IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, ẹ fi ṣí àkáǹtì lórúkọ ogún náà, owó òkú ò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì yín láéláé. Láàárín oṣù kan, ìkéde fáwọn tí olóògbé jẹ lówó á jáde nínú ìwé ìròyìn, láàárín 60 ọjọ́ àwọn tí wíìlì dárúkọ á gba lẹ́tà, láàárín 90 ọjọ́ ẹ máa kọ gbogbo ohun ìní ẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀tù. Tí gbèsè ti tán, ẹ lè fi ìwé ìbúra dípò èyí tó kẹ́yìn yẹn, káwọn ará àdúgbò má baà máa ka iye tó wà ní báńkì.

Tí kò bá wá kọ wíìlì, ibẹ̀ gan-an ni tiwa ti ń le. Kọ́ọ̀tù fẹ́ mọ gbogbo ọmọ tó bí, gbogbo wọn o, tìyàwó ilé, tìta, tìgbà tó ṣì wà n'Íbàdàn kó tó gba visa. Wọ́n á yan lọ́yà tiwọn tó máa wá àwọn tẹ́ ẹ ò dárúkọ, inú ogún náà lowó ẹ̀ ti ń jáde, ẹ sì máa mú ẹlẹ́rìí méjì tó mọ ìdílé náà tí wọn ò ní ìpín kankan níbẹ̀. Ìbúra ni gbogbo ẹ̀, torí náà ẹni tó bá ń sọ pé 'ẹ má dárúkọ ọmọ yẹn' fẹ́ kó yín sí wàhálà ni. Òfin ibí ò mọ ìdí-igi, kí wọ́n pín in sí iye ìyàwó, orí-ò-jorí ni, iye ọmọ ni wọ́n fi ń pín in. Tí gbogbo ọmọ bá jẹ́ ti ìyàwó tó kù, òun ló ni gbogbo ohun táwọn méjèèjì jọ ní nínú ìgbéyàwó, àmọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo bá ti wà níta, ìyàwó á mú ìdajì tiẹ̀, ìdajì ti bàbá á lọ sáàárín àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọmọ pa mọ́, ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ bá wọn ṣe é.

Tí ohun tó fi sílẹ̀ ò bá ju $75,000 lọ, tó ju gbèsè ẹ̀ lọ, tí kò sí wíìlì, ẹ béèrè Small Estate Affidavit, ìwé ìbúra fún ogún kékeré, lẹ́yìn 30 ọjọ́ tó kú. Ilé tó ń gbé kì í sí nínú iye yẹn, ìyàwó tàbí ọkọ àtàwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà ni àyè ti ilé yìí sì wà fún. Gbogbo ajogún ló máa fọwọ́ sí i níwájú nótárì, títí dórí èyí tó wà l'Óṣogbo.

Ní ti ilẹ̀ àti ilé tó kọ́ sí Nàìjíríà, ìwé Texas ò kàn án, Probate Registry ti High Court ìpínlẹ̀ tí ilé náà wà lẹ ó ti gba tibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú, ẹ gba certified copy wíìlì àti Letters lọ́wọ́ County Clerk, wọ́n máa béèrè ẹ̀ lọ́hùn-ún.