Iná Tí Wọ́n Bá Mi Pa: Bí Mo Ṣe Rí Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Camry Mi Tètè Jí Láàárọ̀

₦114,000 ni mo ná sórí ọkọ̀ mi kí n tó rí ohun tí ń ṣe é, ohun náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Mo fi owó ṣáájú ọ̀rọ̀ nítorí pé òun ni ó ṣì ń ta mí lára. Bátìrì titun gba ₦62,000, pọ́ǹpù epo tòkúnbọ̀ gba ₦22,000, ẹni tí ó bá mi fi í sí i gba ₦8,000, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin gba ₦10,000, àtúnṣe sítátà gba ₦7,000, ẹni tí ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò sì gba ₦5,000. Nínú gbogbo wọn, sítátà nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó nílò àtúnṣe, èmi fúnra mi ni mo sì bà á jẹ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń yí i láàárọ̀ títí àwọn aládùúgbò fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Toyota Camry ọdún 1994 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí a ń pè ní Orobo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ oní-písítìnì mẹ́rin, lítà 2.2. Kì í lo kábúrétọ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Nọ́sù mẹ́rin ni ó ń fọ́n epo, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ni ó sì ń pàṣẹ iye tí wọn yóò fọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ wọ Ìbàdàn nínú oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Mo lè ṣíná nígbà mẹ́fà tàbí méje, kí sítátà máa yí, kí bátìrì máa rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má dáhùn rárá. Nígbà tí ó bá sì wá jí, yóò wúkọ́, yóò gbọ̀n, yóò fẹ́ kú, kí ó tó fara balẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti wà á dé Dùgbẹ̀, tí mo pa á, tí mo sì tún ṣíná, kíá ni yóò jí bí ọkọ̀ titun. Gbogbo ẹni tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo sọ èyí fún, kò sí ẹni tí ó kà á sí, èmi alára kò sì kà á sí tó bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí púlọ́ọ̀gì àti fílítà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ àgbà tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ ayẹ̀wò wá ni ó yẹ kí n ròyìn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò, láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀, tèmi sì ti dáyé ṣáájú rẹ̀, kò ní in. Ọkùnrin náà tẹ orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò rí ibi tí yóò ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́, ó ní, “Ọ̀gá, pọ́ǹpù epo ni.” Ó gba owó rẹ̀, mo sì ra pọ́ǹpù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kò jí. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ rẹ̀, sítátà wá ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì sì wà níbi tí ó wà.

Ọjọ́ náà ni inú bí mi tí mo pinnu pé n kò ní san kọ́bọ̀ kan mọ́ fún ìméfò. Mo yá mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára epo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, mo so ó mọ́ ojú ọ̀nà epo, mo yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ orí régúlétọ̀ tí ń ṣàkóso agbára epo, mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ 42 psi, bẹ́ẹ̀ láti 38 títí dé 44 ni ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà fẹ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé ní kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 21 lọ, tèmi ṣì wà ní 30. Epo ń dé, kò sì sá padà. Mo rántí pọ́ǹpù mi àtijọ́ tí mo ti fi sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ pé kí ó lọ tà á fún àwọn onírin, mo sì bú ara mi dáadáa. Wákàtí kan péré ni ìdánwò yìí gbà mí, ì bá sì ti dá ₦30,000 sí bí ó bá jẹ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣe ohun tí ó mú inú mi dùn jù, nítorí pé n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ àgbà yìí lè fúnra rẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Àpótí dúdú kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Bí a bá fi wáyà kékeré so ihò TE1 mọ́ E1 nínú rẹ̀, tí a ṣíná láìyí sítátà, iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò máa ṣẹ́jú, bí ó bá sì ṣe ń ṣẹ́jú ni a ó fi ka nọ́ńbà àìsàn náà. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tí ó dúró díẹ̀, tí ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, ó sì túmọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ ooru omi, ohun tí ń wọn bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bí ó bá ń ṣẹ́jú lọ́gbọọgba láìdúró, ara ọkọ̀ le. Tèmi ń ṣẹ́jú lọ́gbọọgba. Ara rẹ̀ le, kò sì jí.

Ibí yìí ni mo ti há fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Sẹ́ńsọ̀ ooru omi ni mo fura sí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ní ìdí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo kì í tètè di afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ara páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí náà brain box gbọ́dọ̀ fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí ó pọ̀ ju ti ìgbà tí ó gbóná lọ. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni ó ń sọ fún un pé òtútù wà. Bí ó bá purọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, epo ìgbà gbígbóná ni brain box yóò fún ẹ́ńjìnnì tútù, yóò sì máa yí lórí òfìfo títí ìwọ̀nba epo tí ó ṣẹ́kù láti inú ìgbìyànjú márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò fi kóra jọ tó láti gbiná. Bí Camry mi ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo wá lọ wọn sẹ́ńsọ̀ náà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan. Méjì ni wọ́n wà nítòsí ara wọn níbi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì: èyí tí ó ní wáyà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pá ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí ó ní wáyà méjì ni ti brain box. Mo mọ èyí, mo sì fi yangàn, nítorí pé mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ oníwáyà kan lẹ́ẹ̀mejì tí ó ń retí ìyanu. Mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì oníwáyà méjì yọ, mo fi mítà kàn án lẹ́nu, ó fún mi ní òómù 2,400 (òómù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó). Ní ìwọ̀n ooru 20 ti Celsius, láàárín 2,000 sí 3,000 ni ó yẹ kí ó wà, bí omi bá sì gbóná dé 80, yóò wálẹ̀ sí láàárín 200 sí 400. Sẹ́ńsọ̀ mi kò purọ́. Mo yọ ọ́, mo rì í sínú omi gbígbóná nínú ìkòkò ìyàwó mi (ẹjọ́ ìkòkò yẹn kò tíì parí títí di òní), ó wálẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Mo dá a padà, mo sì fi ojú fo ó láti ọjọ́ náà. Mo tú nọ́sù, mo fọ̀ wọ́n. Mo yẹ wáyà púlọ́ọ̀gì. Mo ṣí dìsìtíríbútọ̀ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni sítátà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní àkókò tí lítà epo kan ti kọjá ₦600, èmi ń san owó takisí, mo sì ní ọkọ̀ nílé.

Àìlérò ni ó gbà mí. Mo tún wọn sẹ́ńsọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nítorí pé n kò mọ ohun tí mo tún lè wọ̀n, mo sì gbàgbé láti ki sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìyà àárọ̀ tí ó ti di àṣà, mo wa ọkọ̀ lọ sí Bódìjà, mo wà á padà, kò sí ohun tí ó yí padà. Ìgbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo òróró ni mo rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ń fì dirodiro. Mo dúró, mo ń wò ó. Bí a bá yọ sẹ́ńsọ̀ yìí lára ọkọ̀, ó yẹ kí iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó sì kọ 22 sílẹ̀. Mo ti wa ọkọ̀ lọ wa ọkọ̀ bọ̀, iná kankan kò tàn. Ẹlòmíràn ń bá sẹ́ńsọ̀ dáhùn.

Mo ṣíná, mo ti ẹnu mítà kan bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò so mọ́ ohunkóhun, mo sì fi ẹnu kejì kan irin ara ọkọ̀. Ó yẹ kí n rí fólíìtì 5, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí jẹ́ ìdajì fólíìtì kan. Mo pa iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wáyà náà pẹ̀lú ọwọ́, kò sì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ tí mo fi kan ibi tí téèpù dúdú rẹ̀ ń dán ju ti ara yòókù lọ. Mo fi abẹ là á. Rẹsísítọ̀ kékeré kan, ohun tí ń dènà iná ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, ni wọ́n jó mọ́ àárín wáyà méjèèjì. Mo gé e, mo wọ̀n ọ́n: òómù 328. Láti oṣù Kẹsàn-án ni ó ti ń sọ fún brain box, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú ọyẹ́, pé omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó 80.

Bí mo ṣe gé e báyìí, tí mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì padà tí mo ṣíná, iná ẹ́ńjìnnì tàn, ó sì ṣẹ́jú 22. N kò tíì rí iná ìkìlọ̀ tí ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Wáyà kan ti já nínú rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú lásán kò sì lè rí i. Mo lọ sí Agodi Gate, mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tòkúnbọ̀ tí wọ́n gé pẹ̀lú ìrù wáyà rẹ̀ ní ₦1,500, mo jó o mọ́ ọn, iná kú fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ṣíná. Ẹ́ńjìnnì jí, ó kùn sókè díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tútù ṣe yẹ kí ó kùn, ó sì rọra wálẹ̀. Mo pa á, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àwọn aládùúgbò.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ epo rárá nígbà tí ọkọ̀ bá ń jí dáadáa ní gbígbóná tí ó sì ń yọnu ní tútù. N ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì yọ ní àkọ́kọ́, n ó sì wò ó bóyá iná yóò tàn. Kò gba owó, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì. N ó sì máa wọn wáyà láti ẹ̀gbẹ́ brain box, nítorí pé ẹnu sẹ́ńsọ̀ nìkan ni mo wọ̀n tí mo fi fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tí ó bá ní kí ẹ máa tẹ pẹ́dà epo mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń yí sítátà. Ti kábúrétọ̀ nìyẹn, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ ń fi kún ohun tí epo kò tó nínú rẹ̀.

Ó ku ẹni tí ó fi rẹsísítọ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ni reídíétọ̀ mi jò, wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn rẹ̀ ni iná ẹ́ńjìnnì ń tàn láìkú. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ó gba ₦3,000, ogún ìṣẹ́jú kò pé tí iná fi kú. Mo yìn ín fún ènìyàn méjì. Mo wá fi rẹsísítọ̀ náà sínú ìwé pélébé, mo gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo sì bi í pé kí ni èyí. Ó wò ó, ojú kò tì í, ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí iná ni ẹ ní kí n bá yín pa?”

Mo ṣírò ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà nínú ọkàn mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí.