Ìrọ̀lẹ́ tọkọtaya ní Ìbàdàn: àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Tọkọtaya tó bá ti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ wá gbafẹ́ ní Ìbàdàn, oúnjẹ kọ́ ló sábà ń gba owó lọ́wọ́ wọn, owó ẹnu ọ̀nà náà kọ́. Owó ọkọ̀ ni. Wọ́n á jẹun ní Bódìjà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò ní Ring Road, wọ́n á tún padà wá wo sinimá ní Sámọ̀ńdà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wọ ọkọ̀ márùn-ún, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti jẹ wákàtí méjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbàdàn fẹ̀ ju bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ Tákíé sí Under G ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ṣe lè rò lọ.

Ọkọ̀ tó bá gba Fìdítì àti Mónìyà wọ̀lú, Òjòó ni yóò kọ́kọ́ gbé yín dé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ: ẹnu géètì UI, Sámọ̀ńdà, Sángo, Mọ́kọ́lá, títí dé Dùgbẹ̀. Ohun méjì péré ni kí ẹ mú lójú ọ̀nà yìí, ẹ má mú mẹ́rin. Ibi tó jìnnà jù sí ilé tí ẹ ó sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ìkejì lè máa mú yín padà bọ̀ sílé. Ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì yóò máa wá ọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ lálẹ́, nígbà tí owó ọkọ̀ ti lé sí i tí èrò sì ń ti ara wọn.

Pípẹ́ kí ẹ tó jáde náà wọ́pọ̀. Àwọn ibi tí kò wọ́n, bíi Agodi Gardens, ọgbà ẹranko UI àti ilé ìṣọ́ Bower, ojúmọmọ ni tiwọn. Láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ń wọ̀ níbí jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́fà lè bá ẹ̀ṣọ́ tó ń ti géètì. Aago mẹ́rin ni kí ẹ ti wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ fi wákàtí kan kún ìrìn yín, nítorí ọkọ̀ àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó lè dí ojú ọ̀nà pa.

Ilé ìṣọ́ Bower tó bẹ́ẹ̀ láti dúró lé lórí, torí pé a kò mọ ibi tó tún lè fún tọkọtaya ní ohun tó tó báyìí pẹ̀lú owó kékeré. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ sórí Òkè Ààrẹ. Láyípo ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí àkàbà inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Àkàbà náà há. Ẹ ó tò tẹ̀ lé ara yín ni, èjìká yóò sì máa ha ògiri. Bàtà gogoro kò ṣeé wọ̀ gùn ún rárá, ìró tàbí kaba gígùn á sì máa kọ́ yín lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa ṣáájú, kí ìkejì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Àṣìṣe tó tún wà níbẹ̀ ni lílọ nígbà ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kùrukùru lè bo gbogbo páànù pupa ìlú mọ́ yín lójú, kí ẹ má rí ju òrùlé tó wà nísàlẹ̀ yín lọ. Ẹ̀yìn òjò ni ojú ọ̀run ń mọ́ gaara. Ẹ rántí pé Òkè Ààrẹ kò sí lójú ọ̀nà Òjòó sí Dùgbẹ̀ yẹn. Ẹ ó tún wọ ọkọ̀ lọ sí apá Béèrè. Bí ẹ bá mú Láyípo, ẹ fi Agodi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn kan a tún gbéra tìtorí àtigun Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Àjà 26 ni, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, ó sì dára láti dúró wò láti ìsàlẹ̀ nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣí i fún àlejò láti gùn kiri.

Ní ti oúnjẹ, ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí í jẹ ọkà kí ó tó mu ẹ̀kọ yangan kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní àmàlà. Àkókò ni wọ́n ń ṣì. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ búkà tó lórúkọ ń tà pa. Bí ẹ bá dé ní aago méje alẹ́, gbẹ̀gìrì ti ki, ewédú kò fà mọ́, ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀ ti tán, owó kan náà lẹ ó sì san. Ẹ jẹ ẹ́ ní aago méjì ọ̀sán kí ẹ tó jáde, kí ti alẹ́ jẹ́ ìpanu. Ẹran ló ń gbówó níbẹ̀, kì í ṣe àmàlà: ẹ bèèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bù ú, torí pé bó bá ti kan ọbẹ̀, tiyín ni.

Fún ìpanu náà, sùyà Mọ́kọ́lá àti Sábó dára púpọ̀. Ẹ má ṣe sọ fún mọ́là pé “gé e wá” láìdárúkọ iye. Ẹ ní “ti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta”, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi gé e. Ẹ wo ibi tí ó ti mú un: èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹyín iná máa ń dán fún òróró, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti àná á ti gbẹ, á máa ká létí.

Ẹni tó bá fẹ́ sinimá, kí ó yẹra fún alẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Àárín ọ̀sẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì sábà ń dín owó. Kí ẹ ti yó kí ẹ tó wọlé, nítorí gúgúrú àti ohun mímu méjì lè súnmọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Owó wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dì sápò. Onímáíkírà, ìyẹn awakọ̀ táksí kékeré, kò ní ṣénjì ẹgbẹ̀rún kan lálẹ́, tíránsífà sì lè há nígbà tí èrò ẹ̀yìn ń kígbe. Ká ní ₦40,000 lẹ yà sọ́tọ̀ fún ìrọ̀lẹ́ náà: ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ ìpadà, ẹ yọ ₦8,000 sí i fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kejì fi sápò tirẹ̀. Èyí tó kù nìkan ni owó ìgbafẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba dúrọ́ọ̀pù, ẹ ṣàdéhùn iye kí ẹ tó jókòó. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà táksí lára tó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú òkùnkùn.

Àṣìṣe tó ń dẹ́rù bà wá jù ni ti àwọn tó ní àwọn ó padà sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ lóru ọjọ́ náà, kí owó yàrá má baà jáde. Ìrìn bíi kìlómítà 100 ni, àwọn tírélà tó ń lọ sí òkè ọya sì wà lójú ọ̀nà náà lóru. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, kò sí mẹkáníìkì tí ẹ ó rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí kò bá sí owó ilé ìtura, aago kan ọ̀sán ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbafẹ́ yín, kí ẹ sì ti wà ní Òjòó ní aago mẹ́rin.

Bí ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí lẹ ó sùn, ẹ sọ aago tí ẹ ó wọlé fún wọn kí ẹ tó jáde, kí ẹ má lọ máa kan ilẹ̀kùn ní aago mọ́kànlá. Búrẹ́dì kan lọ́wọ́ kò sì burú. Bí ilé ìtura ni, ẹ pè wọ́n tẹ́lẹ̀: aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀, ṣé omi ń yọ nínú yàrá, èló ni owó ìdúró tí wọ́n ń gbà, ìgbà wo ni wọ́n sì ń dá a padà? Yàrá tó fi ẹgbẹ̀rún méjì dín ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń pa iná rẹ̀ ní aago méjìlá, ooru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Kí ilé ìtura náà wà nítòsí Òjòó tàbí Sámọ̀ńdà, kí ẹ lè bọ́ sí gáréèjì láàárọ̀ láìtún la ìlú já.