Ẹ má kun mọ́tò nínú ọyẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa àti Lugbe l'Abuja, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi rólà àti búrọ́ọ̀ṣì kun mọ́tò rẹ̀ nílé, ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná. Oṣù kìíní ọdún ni mo kun bọ́nẹ́ẹ̀tì tèmi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá fọwọ́ pa á, ńṣe ló ń ha mí lọ́wọ́ bíi yanrìn. Gbogbo rẹ̀ ni mo tún ha kúrò.

Ẹ fi tọpẹntáìnì la ọ̀dà gloss, ìyẹn ọ̀dà olóròóró tó máa ń dán, títí yóò fi ṣàn bíi mílíìkì inú agolo. Rólà fóòmù kékeré ni kí ẹ lò, kì í ṣe onírun. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ kò ní bo ara ọkọ̀ rárá. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dà á pọ̀, torí yóò ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Kí ó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó tún un kùn. Lẹ́yìn ìkùn méjì-méjì, ẹ fi sáńdípépà 800, èyí tó kúnná, tí ẹ rì sómi ha á.

Òwúrọ̀ kùtù, lábẹ́ ibòji, ló dára jù, torí oòrùn ibí máa ń mú un gbẹ kí ó tó tẹ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì, etí ilẹ̀kùn nìkan ni o. Bí àwọ̀ bá sì yí padà, ẹ lọ yí i nínú ìwé ọkọ̀.