Púrótéènì fún Ẹni tó ń Jẹ Oúnjẹ Ewéko Láìsè
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ kí iṣan ara òun ki, tó sì jẹ́ pé oúnjẹ ewéko tí a kò fi iná sè nìkan ló ń jẹ, nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 púrótéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ìyẹ̀fun púrótéènì tí wọ́n po ti pea (irú ẹ̀wà róbótó kan) àti ti ìrẹsì pọ̀ ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé lysine (ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di púrótéènì) tó kéré nínú ìrẹsì pọ̀ nínú pea, methionine (òun náà jẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀) tó kéré nínú pea sì wà nínú ìrẹsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí púrótéènì jẹ kidney beans (irú ẹ̀wà kan tó rí bíi kíndìnrín) láìsè, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àfikún fítámì B12.