Búṣì ló ń pa àmáṣọ̀: bí a ṣe ń tún irin inú kíkísítátà ṣe kó lè pẹ́

Ọ̀pọ̀ kíkísítátà (ẹ̀rọ oníná tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀) tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn rewáyà ní Tákíè àti Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ní "ó ti jó", irin rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jẹ kí iná tó jó o. Búṣì, òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, á jẹ, àmáṣọ̀, irin oníwáyà tó ń yí láàárín, á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilé rẹ̀. Bó ṣe ń hà á, á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, á gbóná, òjé tó so wáyà mọ́ orí bàbà, ibi tí àmáṣọ̀ ti ń gba iná, á yọ́ dànù. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa gbé e wá. Tẹ́ ẹ bá wá ra àmáṣọ̀ mìíràn, tẹ́ ẹ tì í bọ inú búṣì àná, kò ní pẹ́ tí oníbàárà fi máa pa dà wá bá yín. Torí náà, búṣì la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù níbí.

Kẹ́ ẹ tó tú u

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kíkísítátà gan-an ló lẹ́bi. Bátìrì tó kún dáadáa máa ń ka nǹkan bíi fóòtì 12.6 nígbà tí ohunkóhun ò bá lò ó. Ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ máa sítáàtì ọkọ̀, kí mítà wà lórí bátìrì: tó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Tí bátìrì bá dúró, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí pọ́síítíìfù bátìrì, ẹ fi ìkejì sórí bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn kíkísítátà, kó tún sítáàtì. Ohun tí mítà bá kà níbẹ̀ ni iná tó ń ṣègbé lójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Ẹ ṣe bákan náà láti nẹ́gétíìfù dé ara kíkísítátà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò gbọ́dọ̀ ju 0.3 lọ.

Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti Micra máa ń fa nǹkan bí áḿpù 100 sí 200 tó bá ń sítáàtì. Ìpẹtà kékeré tó ń dá iná dúró ní 0.01 óòmù péré lójú kan ṣoṣo á jẹ fóòtì kan ààbọ̀ nínú 12 yẹn tí iná bá tó áḿpù 150. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti kan bọ́dì, tàbí kẹ́ ẹ kúkú fa wáyà ẹ́ẹ̀tì kejì, 25 mm² ó kéré tán, láti nẹ́gétíìfù wá sábẹ́ ọ̀kan nínú bóòtù tó de kíkísítátà. Kò sí àtúnṣe tó dínwó tó o, síbẹ̀ òun lọ́pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Búṣì

Ẹ tú nẹ́gétíìfù kúrò kẹ́ ẹ tó kan ohunkóhun. Tí kíkísítátà bá ti wà lórí tábìlì, ẹ fa ìlà kan kọjá ilé imú, ilé àárín àti ìdérí ẹ̀yìn, kí wọ́n lè bára mu nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é pa dà. Ẹ ka wáṣà tó wà nídìí àmáṣọ̀, ẹ rántí bí wọ́n ṣe tò wọ́n.

Ẹ wá wo ibi tó ti ń ha. Tí àmáṣọ̀ bá dán yíká-yíká, àmọ́ tó jẹ́ pé irin ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé ló ti ha, búṣì ló jẹ. Tó bá jẹ́ apá kan àmáṣọ̀ ló dán, tí gbogbo irin inú ilé sì ti ha, ọ̀pá àmáṣọ̀ ló tẹ̀. Búṣì tuntun ò ní wò ó sàn. Àlàfo tó wà láàárín àmáṣọ̀ àti irin ilé kì í sábà tó mílímítà kan, nítorí náà ọ̀pá ò nílò kó mì púpọ̀ kó tó kàn án. Búṣì tuntun yẹ kó fún ọ̀pá láyè 0.05 sí 0.10 mm. Tó bá ti tó 0.20, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí kò ní vernier (irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan fínnífínní) lè gbá ọ̀pá mú, kó mì í: tó bá ń dún ko-ko-ko nínú búṣì, ó ti kọjá.

Búṣì ẹ̀yìn ló máa ń yọ àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, torí pé ìdí rẹ̀ dí. Ẹ má fi síséèlì gé e. Ẹ rọ gíríìsì kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu, ẹ wá ọ̀pá irin tó wọ inú búṣì náà géérégé, ẹ tì í bọ inú rẹ̀, ẹ fi òòlù lù ú. Gíríìsì ò rí ibi gbà, á gba ẹ̀yìn búṣì, á tì í jáde. Tó bá dúró lágbedeméjì, ẹ tún gíríìsì rọ, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Búṣì tó dára ní ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, inú wọn ló ń tọ́jú epo sí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí oníbàárà ò bá lè dúró, ẹ gbé ọ́ìlì náà sórí iná, kó gbóná dé bí omi híhó, ẹ fi búṣì sínú rẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹ fi fáìsì (irin orí tábìlì tó ń di nǹkan mú pinpin) tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú irin tó ní èjìká, tí imú rẹ̀ sì ṣe déédéé ọ̀pá àmáṣọ̀, kí búṣì má bàa fún pọ̀. Tó bá fún pọ̀, ẹ má fi fáìlì tàbí sáńdípépà gbòòrò rẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ yẹn á dí, á sì di búṣì gbígbẹ. Òmíràn ni kẹ́ ẹ rà.

Nígbà mìíràn kì í sí búṣì ní ọjà, tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léèsì gbẹ́ irin, ló máa gbẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún un pé brọ́ńsì lẹ fẹ́, kì í ṣe idẹ lásán tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi. Brọ́ńsì tó le kò ní ihò wẹ́wẹ́ yẹn, kò lè tọ́jú epo fúnra rẹ̀. Ibí ni ẹ ti lè ṣe é dára ju bó ṣe wá lọ: ẹ ní kó gbẹ́ ojú àlọ́ tó lọ́ yí inú búṣì ká, kó lu ihò 3 mm kan láti òkè, kẹ́ ẹ ki òwú fẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti fi ọ́ìlì rẹ bọ̀ ọ́. Fẹ́ẹ̀tì yẹn á máa tu epo díẹ̀díẹ̀.

Tí ihò ilé imú bá ti fẹ̀ débi pé búṣì ń yí nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí ike lẹ̀ ẹ́ o. Tọ́nà ni kó gbẹ́ ẹ, kó fi òrùka irin sí i. Èjìká tí ilé imú fi wọ inú ilé àárín ni kó fi mú un lórí léèsì, kì í ṣe ara òde rẹ̀ tí wọ́n kàn dà ní álúmínọ́ọ̀mù. Bí ihò náà bá yẹ̀ ní ìdá mẹ́ta mílímítà péré, ibi tí àmáṣọ̀ ti ń ha náà lẹ tún pa dà sí.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi bẹ́árìn oníabẹ́rẹ́ rọ́pò búṣì imú. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti sun ọ̀pá náà kó le, ẹ má dán an wò. Abẹ́rẹ́ yẹn á gbẹ́ ọ̀pá bí ẹni gbẹ́ igi.

Orí bàbà àti kábọ́ọ̀nù

Orí bàbà ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju 0.05 mm lọ nígbà tó bá ń yí. Tó bá yẹ̀, tọ́nà á fá a fẹ́rẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré, tí fífá náà bá ti jẹ mílímítà kan kúrò nínú fífẹ̀ rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ó ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ míkà, ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, tó wà láàárín bàbà wálẹ̀ ní 0.5 sí 0.8 mm. Bíléèdì ayùn irin ló dára fún un, tẹ́ ẹ bá ti lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó tín-ín-rín bí ojú míkà. Sáńdípépà 400 lẹ fi máa dán an, kì í ṣe ẹ́mẹ́rì. Ẹyọ ẹ́mẹ́rì máa ń rì sínú bàbà, á máa jẹ kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná fún un.

Kábọ́ọ̀nù kíkísítátà kún fún bàbà, ó máa ń pọ́n. Ti gíráńdà dúdú ni, kò lè gbé iná tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti jẹ dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ń fi òjé jó ìrù rẹ̀, ìyẹn wáyà tó so mọ́ ọn, ẹ fi píláyà di ìrù náà mú lókè ibi tẹ́ ẹ ń jó, kí òjé má bàa gun wáyà rẹ̀. Ìrù tó ti mu òjé á gan, kò ní jẹ́ kí sípíríngì ti kábọ́ọ̀nù sísàlẹ̀. Òjé rédíò máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 183°C, ẹ má lò ó lórí àmáṣọ̀.

Sólẹ́nọ́ìdì

Sólẹ́nọ́ìdì ni swíìṣì ńlá tó wà lára kíkísítátà, tó ń tan iná sí i. Tí kíkísítátà bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láìyí, tí bátìrì àti wáyà sì dára, ẹ ṣí ẹ̀yìn sólẹ́nọ́ìdì. Bàbà méjì tí àwo ń lọ kàn ló máa ń jẹ, ọ̀kan sì máa ń jẹ ju èkejì lọ. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ nìyí: idẹ tí wọ́n fi rọ́pò bàbà ò gbé iná tó ìdá mẹ́ta bàbà, á gbóná, á sì lẹ̀ mọ́ àwo. Nígbà tó bá lẹ̀, kíkísítátà ò ní dúró mọ́ tẹ́ ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Ojú bàbà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba kí àwo lè kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Béńdísì àti eyín fláíwíìlì

Béńdísì ni jíà kékeré tó ń yọ jáde láti yí fláíwíìlì, àwo irin ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Orúkọ Vincent Bendix ará Amẹ́ríkà ni a ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe irú tirẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọwọ́ yí eyín rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yọ̀ sápá kan, kó sì há gírígírí sápá kejì. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé. Gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ á ṣàn dànù, kò sì sọ́nà tẹ́ ẹ lè gbà dá a pa dà. Àkísà gbígbẹ ti tó.

Ẹnu eyín tí wọ́n gé dàgẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́ kí béńdísì wọ fláíwíìlì láìlu ara wọn. Tó bá ti wó, ẹ fi fáìlì tún un gé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi wẹ́dà kún eyín tó já. Iná wẹ́dà á pa líle irin náà, kò ní pẹ́ tó tún máa yọ.

Ẹ́ńjìnnì oníkọ̀pù (písítìnì) mẹ́rin máa ń dúró sí ojú méjì kan náà nígbà tẹ́ ẹ bá pa á. Ìdí nìyẹn tí jíà fláíwíìlì fi ń jẹ lójú méjì tó kọjú síra, tí ìyókù á ṣì mú. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra òmíràn: ẹ lu òrùka eyín náà kúrò lára fláíwíìlì, ẹ mú un gbóná déédéé yíká dé bíi 200°C, ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ipò rẹ̀. Tó bá pọ́n, ẹ ti bà á jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó dá a pa dà

Ẹ fi fáìsì dè é, ẹ fún un ní iná fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5 péré. Kíkísítátà tó ń sáré láìgbé ẹrù lè sáré débi tí wáyà àmáṣọ̀ á fi fò jáde. Nígbà tí béńdísì bá jáde tán, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín imú rẹ̀ àti òrùka tó dá a dúró: 0.5 sí 2 mm ló dára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ sólẹ́nọ́ìdì lẹ máa fi tún un ṣe. Tó bá jẹ́ irú tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ẹ má fi òòlù lù ú rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì náà á fọ́ bí àwo tánganran.

Ojú àlọ́ tí béńdísì ń gbà yọ, ọ́ìlì fẹ́rẹ́ ló fẹ́. Gíríìsì níbẹ̀ á gbá eruku ọyẹ́ jọ, ó di amọ̀, béńdísì ò sì ní lè pa dà. Ẹ tún wo ihò kékeré tó wà lábẹ́ ilé imú, kó ṣí sílẹ̀ kó sì kọjú sílẹ̀, torí omi tí wọ́n ń fi fọ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ríbi jáde.

Tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ tẹ́tí sí i. Tó bá ń hu tín-ín-rín nígbà tó ń sítáàtì, eyín rẹ̀ jìnnà sí fláíwíìlì jù. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbà, tẹ́ ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ló hu, ó sún mọ́ ọn jù. Lórí irú tí bóòtù rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, ẹ fi wáṣà pẹlẹbẹ kún àárín rẹ̀ àti ibi tí wọ́n dè é mọ́ tó bá sún mọ́ ọn jù, ẹ yọ díẹ̀ tó bá jìnnà.