Orúkọ mẹ́tàlélógún, ènìyàn mẹ́rin: ìrírí mi nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò sóònù

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì, a ti jókòó láti aago mẹ́wàá, ebi ti ń pa oníkálukú, ni mo bá dìde pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ní ìwé kékeré kan lédè Yorùbá tí yóò sọ bí ẹrù ṣe ń wọ agbègbè òwò ọ̀fẹ́, èyí tí à ń pè ní sóònù, àti bó ṣe ń jáde. Kí n tó jókòó, alága ti ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ìgbìmọ̀ jọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe akọ̀wé rẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì bá iyán lọ.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra kòkó àti kajú, àti àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà mélòó kan. Àwọn díẹ̀ nínú wa ti ní ibi ìdìrù nínú sóònù ní apá Èkó àti Ògùn, àwọn tó kù ń retí ti ilé. Ti ilé yìí ni Ekiti Knowledge Zone, tí ìjọba àpapọ̀ ti fún ní àṣẹ sóònù, tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 80 dọ́là fún lóṣù Kejìlá 2022. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, kì í ṣe gàrí. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé sóònù ń bọ̀ nítòsí ilé òun tí kò ní na ọrùn wò ó?

Lójú òfin owó ibodè, inú sóònù kì í ṣe Nàìjíríà. Ẹrù tó bá ti òkè òkun wọ ibẹ̀ kò ní san owó ibodè. Bó bá tún gba ibẹ̀ padà sókè òkun, kò ní san án títí láé. Ọjọ́ tó bá gba géètì jáde sí ọjà tiwa ló tó di ẹrù tó wọlé, ọjọ́ náà ni owó ibodè di sísan. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń pa àwọn ènìyàn mi lẹ́rìn-ín: ẹ̀gẹ́ tí a bá kó láti Ìkọ̀lé wọ sóònù l'Ékòó, nínú ìwé, ó ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun nìyẹn. NEPZA, àjọ tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, ló ń fún ilé-iṣẹ́ ní láísẹ́ǹsì, kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé tó ń jáde. Gbogbo àǹfààní tó wà níbẹ̀, orí ohun kan ṣoṣo ló dúró lé: kí o lè fi ìwé sọ ibi tí kílò kọ̀ọ̀kan wà.

Èmi náà ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi lanu nípàdé. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wa nínú sóònù, a kó gbogbo etí náílọ́ọ̀nù òkè òkun tí a fi ń di ìyẹ̀fun, èyí tí ẹ̀rọ gé dànù, a dáná sun ún lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ìwé wa wò, kílò 41 kò sí nínú ẹrù tó jáde, kò sì sí nínú èyí tó kù nílẹ̀. Ohun tó ti di eérú, lójú wọn, a ti jí i tà sọ́jà láì san owó ibodè ni. Ọ̀gá mi san owó náà, ó sì san ìtanràn lé e. Mi ò ní sọ ohun tó pè mí lọ́jọ́ náà.

Mo gbé bébà káàkiri, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i. Orúkọ mẹ́tàlélógún ni mo gbà. Olùdarí ilé-iṣẹ́ pọ̀ nínú wọn, olóyè méjì, ẹnì kan tiẹ̀ kọ oyè rẹ̀ débi pé ó gba ìlà méjì. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ní Ajílosùn, ènìyàn mẹ́rin ló wá: èmi, Ìyá Kòkó, ọmọ kọ̀ǹpútà kan, àti dẹ́rẹ́bà bàbá olóyè kan láti Ìyìn, tí ọ̀gá rẹ̀ rán wá láti sọ pé òun kò ní lè wá.

Òjò ló dá dẹ́rẹ́bà yẹn dúró. Mo ní kó jókòó, kó mú pọfupọ́ọ̀fù. Èmi àti Ìyá Kòkó ti ń jiyàn lórí bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, mo ń sọ̀rọ̀ nípa fọ́ọ̀mù àti láísẹ́ǹsì, ni ọkùnrin yìí bá nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú o. Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn kọ́ lẹrù ti ń sọnù." Àṣé kó tó di dẹ́rẹ́bà, alábàárù ni nínú sóònù kan l'Ékòó fún ọdún mẹ́fà. Ó ní ìdí kọ̀ntẹ́nà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kílò ló wà nínú ìwé tó bá ẹrù wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń já ẹrù, páálí ni wọ́n ń kà. Ẹni tó gbà á wọ sítọ́ọ̀ á kọ páálí 200 sílẹ̀, á fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n á wá bi í ní kílò, á máa fi ọwọ́ họrí.

Mo délé, mo fa bébà olórúkọ mẹ́tàlélógún yẹn ya. Mo wá kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp: ẹ̀yin ẹ má ṣèyọnu, ẹ rán ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wa. Àwọn kan dúpẹ́, kò sí ohun tó wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìyìn pè mí lórí fóònù. "Ṣé dẹ́rẹ́bà mi ló wá di ọmọ ìgbìmọ̀, tí èmi ò lè ṣe é?" Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti orí fóònù. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìyìn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó dáa, kí ọmọ náà máa wá, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ni kó wà lókè pátápátá. Mo gbà. Orúkọ kò wúwo, bébà lè gbé e.

Báyìí la ṣe di ènìyàn mọ́kànlá. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kọ ojú ewé kan ṣoṣo: ohun tí a fẹ́ ṣe, ohun tí a ò ní dá sí, àti ọjọ́ tí a ó tú ká. Ọjọ́ ìtúká yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó mọ̀ pé Sátidé mẹ́fà péré lòun máa fi sílẹ̀ á wá. Ẹni tó bá rò pé ó di ìgbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, òkú ìsìnkú ni yóò máa ní ní gbogbo Sátidé. Ohun tí a ò ní dá sí náà fa ariwo. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kínní 2026, ti da ọkàn àwọn ará sóònù rú, àwọn kan sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa gbé e. Mo ní rárá. Iṣẹ́ lọ́yà àti akáńtà nìyẹn, ẹ gbà wọ́n, ẹ sanwó fún wọn.

Mo ti kà nípa ẹgbẹ́ àwọn ará sóònù ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin sóònù tiwọn ti wà láti 1934. Ẹni tí àṣẹ sóònù wà lórúkọ rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀, àti ẹni tó ń kẹ́rù síbẹ̀, inú ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Tiwa, àwọn onílé ẹrù nìkan ni, a sì tún ń bẹ̀rù ara wa.

Ìbẹ̀rù yẹn ló fẹ́ẹ̀ tú wa ká ní Sátidé kejì. Mo ní kí kálukú sọ bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń jáde. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá Kòkó ló là á mọ́lẹ̀: "Ṣé kí n wá dárúkọ oníbàárà mi níwájú ẹni tá a jọ ń dù ú?" Òótọ́ ló sọ. A fi í ṣòfin lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ iye tó ń tà tàbí ẹni tó ń tà fún, ìwọ̀n àti ìwé nìkan ni. Nígbà tí lọ́yà ẹgbẹ́ gbọ́, ó tún fi kún un pé òfin ìdíje ọdún 2018 kò fẹ́ kí àwọn tó ń du ọjà kan náà máa jókòó sọ̀rọ̀ iye owó pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu wọ́n là.

Sátidé kẹta ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo gbé róòlù náílọ́ọ̀nù kan wá, irú èyí tí a fi ń di ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, a yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìwé tó bá a wá sọ pé kílò 25. A gbé e lé òṣùwọ̀n: 25 lóòótọ́. Dẹ́rẹ́bà ní kí a tú u. A tú u títí tó fi ku igi páálí tó wà láàárín rẹ̀, a wọn ìyẹn lọ́tọ̀, kílò kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ilé ariwo! Nínú àwa tí à ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń yọ ìwọ̀n igi yẹn kúrò kí wọ́n tó kọ̀wé, àwọn kan kì í yọ ọ́, ẹnì kan ní òun máa ń yọ ọ́ bí òun bá rántí. Lórí róòlù 300, ìyẹn ju kílò 400 lọ tí kò ní ojútùú, láìsí olè níbẹ̀. A gé náílọ́ọ̀nù náà bí ẹ̀rọ ṣe ń gé e: àpò 22.9, etí 0.7, igi 1.4. A rò ó pọ̀, ó pé 25. Mo kọ ọ́ sórí bébà ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tó wà lójú ewé kejì ìwé wa nìyẹn, bó ṣe wà lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba Sátidé kẹrin tán. Kí ni ká pe etí tí ẹ̀rọ gé? Mo ti kọ "ìdọ̀tí". Ọmọkùnrin kan tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ kajú ní bí òun bá rí ìdọ̀tí nínú ìwé, òun á gbá a dànù. Mo rántí eérú tèmi, ara mi bù máṣọ. "Páńtí" náà, ààtàn ló ń lọ. A wá fẹnu kò sí "àṣẹ́kù", nítorí ohun tó bá ṣẹ́ kù, ẹnì kan ló ń ṣọ́ ọ. Mo pa ìdọ̀tí rẹ́ níbi mẹ́tàdínlógún.

Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní ìwé náà kò kan àwọn, pé kí ni kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ tí àwọn ń fi ìka tẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ló dá wọn lóhùn: "Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kò kan òṣùwọ̀n. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Bó bá wọlé láìsan owó ibodè, ẹ ò lè gbé e há abíyá jáde ní géètì nírọ̀lẹ́." Wọ́n kọ ojú ewé kan fúnra wọn.

Nígbà tó parí, a gbé e fún bàbá kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Bíírò pupa ni wọ́n fi dá a padà. Ibi tí a ti kọ pé ènìyàn lè kẹ́rù láti sóònù kan sí òmíràn bó ṣe wù ú, wọ́n fa ìlà sí i nígbà mẹ́ta, wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" A tún un ṣe. Ilé ìtẹ̀wé ní Òkèṣà tẹ 80 fún wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, tí a sì dá a padà.

Lọ́jọ́ ìtúká, a gúnyán. Bàbá Ìyìn wá gba ẹ̀dà àkọ́kọ́. Wọ́n wo òkè, wọ́n rí orúkọ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ojú ewé kejì, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ta ló mú ọ̀rọ̀ igi páálí yìí wá?"

Dẹ́rẹ́bà wọn dìde lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. "Èmi ni, sà."

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ká ìwé náà sápò agbádá, wọ́n ní, "Lọ gbé mọ́tò wá. Ọ̀dọ̀ rẹ níwájú ni mo máa jókòó, kó o máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí a ó fi dé Ìyìn."